Àwo Kọ́ Ni Àṣẹ: Bí Mo Ṣe Tún Windows Gbé Sórí Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ní Àwo

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn wá bá mi. Bí a bá tàn án, àmì ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é yóò yọ sójú, àwọn àmì róbótó kéékèèké yóò máa yí po lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò sì kọ ọ́ síta pé òun ń gbìyànjú láti tún ara òun ṣe, kí ó tó padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bátìrì ni ó kú mọ́ ọn lára nígbà tí ó ń gba àfikún tuntun, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti tàn délé mọ́. Wọ́n ti gbé e fún ẹnì kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tí onítọ̀hún sọ fún wọn ni pé níwọ̀n ìgbà tí àwo tí Windows, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà náà, wà nínú rẹ̀ kò ti sí lọ́wọ́ wọn, àfi kí wọ́n ra Windows mìíràn, kí wọ́n sì mú ọkàn kúrò nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà.

Wọ́n bi mí pé, "Àwo wo ni ó ń sọ? Nígbà tí mo ra nǹkan yìí, kò sí àwo kankan nínú páálí rẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ojú ibi tí ènìyàn lè ti àwo bọ̀ lára rẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà ti dẹ́kun fífi àwo CD tàbí DVD sínú páálí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àwo kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ó sì ń dùn mí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó ti san owó lé ohun tí ó ti jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ti pàdánù àwòrán àti ìwé ọdún púpọ̀ nítorí pé ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀rọ fún yára fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé ó nu gbogbo inú rẹ̀, kí ó tó ronú. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀, ní ẹsẹẹsẹ bí mo ṣe ṣe é, pẹ̀lú ibi tí ọ̀nà ti dí mọ́ mi.

Àwo kì í ṣe Windows, kì í sì í ṣe àṣẹ láti lo Windows. Igbá tí a fi ń bu omi ni àwo jẹ́. Bí igbá bá fọ́, omi inú kànga kò tìtorí bẹ́ẹ̀ gbẹ. Windows fúnra rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojúlé Microsoft, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, ẹnikẹ́ni sì lè gbà á sílẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ohun tí à ń san owó fún nígbà tí a bá ra kọ̀ǹpútà tí Windows wà lórí rẹ̀ ni àṣẹ. Ibi tí àṣẹ náà wà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀.

Ní ayé Windows XP, Vista àti 7, ara bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà ni nọ́ńbà àṣẹ máa ń wà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 ni, wọ́n á pín in sí ọ̀nà 5, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 5. Ooru ìdí ẹ̀rọ àti bí aṣọ ṣe ń kàn án máa ń pa bébà yìí rẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì ti rí èyí tí mo wò títí tí n kò fi mọ̀ bóyá B ni lẹ́tà kan tàbí 8. Láti ìgbà Windows 8, tí ó jáde ní ọdún 2012, ni àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà náà sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, sínú ìrántí kékeré kan lórí motherboard, pátákó tí gbogbo èròjà inú ẹ̀rọ so mọ́, tí kì í parẹ́ bí a bá tilẹ̀ yọ hard disk, ibi tí fáìlì ń gbé, dànù. Nígbà tí Windows 10 sì dé ní ọdún 2015, Microsoft fi ọ̀nà mìíràn kún un. Bí a bá ti fi àṣẹ tòótọ́ ṣí Windows lórí kọ̀ǹpútà kan lẹ́ẹ̀kan, Microsoft yóò fi àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá tún un gbé sórí ẹ̀rọ kan náà, yóò dá a mọ̀ nígbà tí ó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ hard disk kì í fi í ba àṣẹ jẹ́, ṣùgbọ́n tí pípààrọ̀ motherboard lè bà á jẹ́.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí Windows bá kọ̀ tí kò tàn, kò túmọ̀ sí pé fáìlì inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, kí n tó ronú nípa àtúngbé rárá, ni pé mo fi Linux, ètò mìíràn tí ó lè darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, tan ẹ̀rọ náà láti orí fìláṣì. Ubuntu, ọ̀kan lára irú Linux tí ó wà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tí ènìyàn fi lè lò wọ́n láti orí fìláṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú hard disk. Ẹ sáà yan pé ẹ fẹ́ dán an wò, ẹ má ṣe yan pé ẹ fẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ojú kọ̀ǹpútà náà mọ́ kedere, mo sì rí SSD, irú hard disk tí ó wà nínú rẹ̀, bí ó ti yẹ. Ìyẹn nìkan ti sọ ohun kan fún mi: ara ẹ̀rọ yá, ètò tí ń darí rẹ̀ ni kò yá. (Bí ó bá jẹ́ pé hard disk náà ń dún kẹ́kẹ́ tàbí tí ó ń yọ, tí ó ń parẹ́, ẹ má ṣe tún ohunkóhun gbé sórí rẹ̀, ẹ kó ohun tí ẹ bá rí kó jáde, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀.)

Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ ṣí fódà wọn ni ó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn kankan rí. Windows 11 lè ti hard disk pa fúnra rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, kí olè tí ó bá gbé ẹ̀rọ lọ má baà rí ohun inú rẹ̀ kà. BitLocker ni orúkọ ètò tí ń ṣe é, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa ń wà nínú àkáǹtì náà: nọ́ńbà 48, ní ọ̀nà 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 6. Mo ní kí wọ́n fi fóònù wọn wọ inú àkáǹtì náà, a sì rí i níbẹ̀. Wọ́n ń kà á, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, mo wá tẹ̀ ẹ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. Ó kọ̀. Mo tún un tẹ̀, ó tún kọ̀.

Mo rí i lójú wọn pé ọkàn wọn ti ń já. Ìgbà náà ni mo rántí pé wọ́n ṣe nọ́ńbà yìí lọ́nà tí a fi lè yẹ̀ ẹ́ wò: a gbọ́dọ̀ lè fi 11 pín ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láìṣẹ́kù. Mo mú ẹ̀rọ ìṣirò, mo pín ti àkọ́kọ́, ó lọ déédéé. Ti èkejì, déédéé. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀karùn-ún tí mo kọ sílẹ̀ ni 258019, nígbà tí mo sì pín in, ó ṣẹ́ ku 3. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ bá mi tún ìkarùn-ún wò." Wọ́n gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, wọ́n fi àtàǹpàkò nu gíláàsì rẹ̀ tí ó ti sán, wọ́n ní, "Háà, 6 ni ó gbẹ̀yìn, kì í ṣe 9. Ibi tí ó ti sán ni ó bò ó." 258016 ni. Mo tẹ̀ ẹ́, fódà náà sì ṣí gbayawu.

A kó fáìlì fún wákàtí méjì ó lé. Mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ níbi yìí ju ibikíbi lọ, nítorí pé ohun tí a kò bá kó kì í padà. Kì í ṣe inú Documents nìkan ni àwọn ènìyàn ń kó nǹkan sí. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn wà lórí Desktop, òmíràn wà nínú Downloads, àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n ní kí Chrome tàbí Firefox bá wọn rántí sì wà nínú fódà tí ó fara pamọ́. Mo kó odindi fódà tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn lábẹ́ Users sórí hard disk mìíràn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àwòrán mẹ́wàá àti ìwé márùn-ún láti orí èyí tí mo kó wọn sí, kí n lè rí i pé wọ́n ṣeé kà. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò, n kì í kà á sí ẹ̀dà.

Kí n tó pa Linux náà, mo ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi fi ojú ara wọn rí. Mo ṣí ojú ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́, mo kọ:

sudo strings /sys/firmware/acpi/tables/MSDM

Ìlà mélòó kan ni ó jáde. Èyí tí ó kẹ́yìn ni lẹ́tà àti nọ́ńbà 25, ní ọ̀nà 5, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń wà lára bébà ìdí ẹ̀rọ láyé àtijọ́. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ wọn, mo ní, "Owó tí ẹ san nígbà tí ẹ ra ẹ̀rọ yìí nìyí. Kò lọ síbì kankan." Wọ́n fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tí Windows rẹ̀ bá ṣì ń tàn lè rí tirẹ̀ bí ó bá kọ (Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey sínú PowerShell, ibi tí a ti ń kọ irú nǹkan báyìí lórí Windows. Bí òfìfo bá jáde, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà ti dàgbà jù, tàbí kí àṣẹ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí Microsoft fi pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní àṣẹ.

Ọ̀nà àtúngbé kan wà tí kò béèrè fìláṣì rárá, lẹ́yìn tí mo kó fáìlì tán ni mo sì kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti tàn délé lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra, Windows sábà máa ń gbé ojú ewé àtúnṣe síta, níbi tí ènìyàn lè yan Reset this PC. Ó ń béèrè bóyá kí ó dá fáìlì sí tàbí kí ó nu gbogbo rẹ̀, láti ọdún 2020 ni ó sì ti lè gba Windows tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Tiwọn ṣiṣẹ́ fún bí ìdajì wákàtí, ó wá ní ìṣòro ṣẹlẹ̀, òun kò yí ohunkóhun padà. Ìpín kékeré tí ilé-iṣẹ́ máa ń fi sínú hard disk fún irú ọjọ́ báyìí, tí a lè fi bọ́tìnnì bí F9 tàbí F11 pè jáde lórí àwọn ẹ̀rọ kan, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ti pa á rẹ́ kí ó lè rí àyè sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa ìpín yẹn rẹ́ nítorí àyè díẹ̀. Ní ti àwọn tí ń lo Mac, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Apple, ọ̀rọ̀ tiwọn rọrùn: èyí tí èròjà tí ó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ bá jẹ́ ti Intel, kí wọ́n tẹ Command àti R mọ́lẹ̀ bí ó bá ti ń tàn, èyí tí ó ní èròjà Apple, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ láìjọ̀wọ́ rẹ̀ títí ojú ewé yóò fi yọ.

Ó wá ku fìláṣì. Kò gbọ́dọ̀ kéré sí 8 GB, ohun tí ó bá sì wà nínú rẹ̀ yóò parẹ́, nítorí náà ẹ kó o kúrò ṣáájú. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, mo lọ sí ojúlé Microsoft, mo gba ètò kékeré tí ó ń jẹ́ Media Creation Tool, mo ti fìláṣì bọ̀ ọ́, ó sì ṣe ìyókù. Ẹni tí ó bá ń fi Linux ṣe fìláṣì tirẹ̀ yóò bá ìṣòro kan pàdé: FAT32, ọ̀nà ìtò fáìlì tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lè tàn láti orí rẹ̀, kò lè gba fáìlì kan tí ó bá tó 4 GB, bẹ́ẹ̀ sì ni fáìlì install.wim inú ISO Windows 11, ìyẹn odindi Windows tí wọ́n dì sínú fáìlì kan, tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi kí ó fi ètò tí ó ń jẹ́ wimlib gé e sí wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá gba odindi ISO, ẹ fi nọ́ńbà SHA-256, àmì tí a fi ń mọ̀ pé fáìlì kò yí padà, tí Microsoft kọ sí ojú ewé náà yẹ̀ ẹ́ wò. N kò fara mọ́ gbígba ISO láti ibòmíràn rárá, pàápàá èyí tí wọ́n ní àwọn ti bá ènìyàn ṣí tẹ́lẹ̀ tí kò ní béèrè àṣẹ. Ẹni tí ó lè yí ètò náà padà kí ó má béèrè àṣẹ lè fi ohun mìíràn sínú rẹ̀ tí yóò máa ka ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì yín.

Windows 11 ni mo yàn, nítorí pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹ̀rọ náà sì kún ojú òṣùwọ̀n: TPM 2.0 (èròjà tí ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́), Secure Boot (ètò tí kì í jẹ́ kí ètò àjèjì tan ẹ̀rọ), RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) tí kò kéré sí 4 GB, àti àyè 64 GB. Bí tiyín kò bá kún un, mo rò pé Linux tí à ń tọ́jú dára ju Windows tí a ti pa tì lọ, kò sì béèrè nọ́ńbà àṣẹ kankan.

Mo ti fìláṣì bọ ẹ̀rọ náà, mo tàn án, mo sì ń tẹ F12 léraléra láti ìgbà tí iná rẹ̀ ti yọ. Bọ́tìnnì yìí máa ń yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ dé ilé-iṣẹ́: Esc, F2, F9 àti F12 ni ó wọ́pọ̀. Àkójọ ohun tí ó lè tàn láti orí rẹ̀ jáde, mo yan fìláṣì tí wọ́n kọ UEFI síwájú rẹ̀, ètò ìgbésórí sì bẹ̀rẹ̀. Mo yan èdè, mo gbà fún ìwé àdéhùn, mo dé ibi tí ó yẹ kí ó ti fi hard disk hàn mí kí n yan èyí tí n ó gbé Windows sí. Òfìfo ni mo bá. Kò sí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Bí kì í bá ṣe pé mo ti fi Linux wo inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èmi náà ì bá rò bẹ́ẹ̀, ì bá sì ti di pé a ń ra SSD tuntun láìnídìí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i, mo sì ti kó fáìlì jáde nínú rẹ̀, nítorí náà mo mọ̀ pé ojú ètò Windows ni kò tó o. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí èròjà Intel wọn jẹ́ ìran kọkànlá tàbí èyí tí ó tẹ̀ lé e, ohun kan tí wọ́n ń pè ní VMD ni ó dúró láàárín SSD àti ètò tí ó fẹ́ kà á. Linux mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n fìláṣì Windows lè má ní driver rẹ̀, ètò kékeré tí yóò jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n. Mo lọ sí ojúlé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà, mo fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ wá driver Intel Rapid Storage, mo tú u palẹ̀ títí mo fi rí àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .inf, nítorí pé ètò ìgbésórí kò lè ka odindi fáìlì .exe, mo sì kó wọn sórí fìláṣì. Mo tẹ Load driver, mo tọ́ka sí fódà náà. Ojú kọ̀ǹpútà dákẹ́ díẹ̀, SSD náà sì yọ, pẹ̀lú gbogbo ìpín inú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ.

Ìyókù kò le. Mo pa àwọn ìpín àtijọ́ rẹ́ títí ó fi ku àyè kan ṣoṣo tí kò ní olówó, mo tẹ Next, Windows sì pín in fúnra rẹ̀. Bí hard disk méjì bá wà nínú ẹ̀rọ yín, ẹ yọ èkejì kí ẹ tó dé ibi yìí. Kò béèrè nọ́ńbà àṣẹ lọ́wọ́ mi, ó ti kà á lórí motherboard, ó sì ti yan Home, ọ̀kan lára irú Windows tí ó wà, fúnra rẹ̀ nítorí pé Home ni ẹ̀rọ náà bá wá. Bí ó bá béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ yan pé ẹ kò ní nọ́ńbà, kí ẹ sì rí i dájú pé irú Windows tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ yàn. Àṣẹ Home kò ní ṣí Pro, tí ó jẹ́ irú mìíràn. Nígbà tí ó dé ibi tí ó ti béèrè íntánẹ́ẹ̀tì tí kò sì rí Wi-Fi, mo fi okùn USB so fóònù mi mọ́ ọn, mo ní kí fóònù pín dátà, ó sì gbà á. Mo lọ wo Settings, System, Activation, mo bá Active níbẹ̀, ìyẹn ni pé àṣẹ náà ti ṣiṣẹ́.

Mo kó fáìlì wọn padà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Windows tuntun yìí ti tún ti hard disk pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àtijọ́, nítorí náà mo tẹ nọ́ńbà 48 tuntun sórí bébà, ẹ̀gbọ́n mi sì fi sínú àpò ìwé tí wọ́n ń kó àwọn ìwé ẹ̀rí wọn sí. Fìláṣì náà wà nínú àpò kọ̀ǹpútà wọn pẹ̀lú driver VMD lórí rẹ̀. Mo lẹ bébà mọ́ ọn lára, mo kọ orúkọ ẹ̀rọ náà àti F12 sí i.